Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ṣáájú Ọ̀rọ̀-Orúkọ: Èdè-Ìperí fún Iṣẹ́ Gbígbé Sátẹ́láìtì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbéra ní Sriharikota, erékùṣù kan ní etí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà. ISRO, àjọ ìjọba ilẹ̀ náà tí iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì àti sátẹ́láìtì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ni ó ni ín. PSLV ni wọ́n ń pe irú rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì 104 ni ó rù lọ́jọ́ náà, àpapọ̀ ìwọ̀n wọn sì jẹ́ 1,378 kìlógíráàmù. Mẹ́ta péré ni ti Íńdíà. Ti àwọn àlejò láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni 101 yòókù, tí Antrix, ilé-iṣẹ́ tí ń bá àjọ náà ṣòwò nígbà náà, bá ṣe àdéhùn. 96 nínú wọn jẹ́ ti Amẹ́ríkà.

Bí olùtumọ̀ bá jókòó láti sọ ìròyìn yìí ní Yorùbá, kò ní í pẹ́ kí ó tó kọsẹ̀. Kì í ṣe iye ni yóò dá a dúró, kì í sì í ṣe orúkọ ìlú. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo iṣẹ́ náà láti ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti kúrò nílẹ̀ títí di ìgbà tí sátẹ́láìtì bẹ̀rẹ̀ sí í dá yípo ayé.

Onírúurú ọ̀nà ni a lè gbà yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò sì sí èyí tí kò ní àléébù. Àwọn kan a ní wọ́n ‘ju’ sátẹ́láìtì sókè. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá jù sókè, ilẹ̀ ni í padà sí, nítorí pé gbogbo agbára tí ó ní kò ju èyí tí ó gbà kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó jù ú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òkò. Ó ń jó epo rẹ̀ bí ó ti ń lọ ni, eré rẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn a ní wọ́n ‘yìn’ ín bí ìbọn, tàbí wọ́n ‘ta’ á bí ọfà. Àléébù kan náà ni ti òkò, àfi pé ‘ta’ tún mú ewu mìíràn wá nínú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ òwò. Gbogbo olùkọ́ gírámà ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ àbọ̀ bá tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ pé ‘Íńdíà ta sátẹ́láìtì 104’, òǹkàwé lè gbà pé Íńdíà ti rí ẹni bá a rà wọ́n. Àmì ohùn kò lè yọ ọ́ nínú ìyẹn. ‘Fi ránṣẹ́’ sàn díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń béèrè ẹni tí yóò jẹ́ iṣẹ́ náà fún lókè. Èyí tí ó burú jù ni ‘ìfilọ́lẹ̀’, tí a ń lò fún ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ tàbí ètò tuntun. Ohun tí gbogbo wàhálà rẹ̀ kò ju kí ó lè kúrò nílẹ̀, òun náà ni a wá ń fi lọ́lẹ̀!

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí kò fara sin. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí fẹ́ràn. Ohun tí ojú rí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ lórúkọ, wọn a sì fi iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe èyíkéyìí tí ó bá wà nítòsí. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ti ṣe gudugudu méje, àpẹẹrẹ rere ni ó sì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ gírámà jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orúkọ ìsọ̀rí ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé ìlànà ti àkọ́kọ́ wọ inú ti èkejì láìyẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí a óò ní ni àkójọ orúkọ tí kò sí gbólóhùn tí a lè fi wọ́n ṣe.

Àríyànjiyàn tí ó wà lórí pé ṣé ‘sátẹ́láìtì’ ni kí á máa wí tàbí ‘òṣùpá àtọwọ́dá’ kò tilẹ̀ yẹ kí ó gba àkókò púpọ̀. Òṣùpá ní ìgbà tí ó ń lé àti ìgbà tí ó ń wọ̀; òun ni a fi ń ka oṣù. Àwọn sátẹ́láìtì ọdún 2017 wọ̀nyí, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní nǹkan bí 505 kìlómítà sí ilẹ̀, kò lò ju wákàtí kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ láti yí ayé po lẹ́ẹ̀kan. Oṣù wo ni ènìyàn yóò fi irú òṣùpá bẹ́ẹ̀ kà? ‘Sátẹ́láìtì’ ti wọ ẹnu ará ọjà láti ìdí tẹlifíṣọ̀n. Kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀, kí ‘rọ́kẹ́ẹ̀tì’ náà sì máa bá a lọ. Èdè tí ó yá orúkọ ohun èlò kò pàdánù nǹkan kan. Èdè tí ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan bo iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́lẹ̀ ti pàdánù òye iṣẹ́ náà, nítorí pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹni tí ó ṣe é, ohun tí ó ṣe é sí, àti bí ó ti ṣe é ń gbé.

Ní ibi ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni Yorùbá sì ti ní ọrọ̀. Ìran tí ó ti fi orí, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin àti lọ́rì kó ọjà láti ìlú dé ìlú kò lè ṣaláìní ọ̀rọ̀ nípa ẹrù. À ń di ẹrù. À ń gbé e ru ẹni. À ń so ó mọ́ orí ọkọ̀. À ń sọ̀ ọ́. À ń já a. À ń tú u. Ẹni tí ó ni ín ni ẹlẹ́rù, ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ọlọ́kọ̀, ohun tí ẹlẹ́rù san fún ọlọ́kọ̀ sì ni owó ọkọ̀. Iṣẹ́ tí ISRO ń ṣe fún àwọn àlejò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí ní ìpìlẹ̀. Ọkọ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹrù ni sátẹ́láìtì, gbígbé ni ọlọ́kọ̀ gbé e. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ alábàárù ti rẹlẹ̀ jù fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kí ó rántí pé ẹrù tí ń mú owó wá ni ìtumọ̀ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá rù. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni wọ́n ti mú un, ojú kò sì tì wọ́n.

Bí ènìyàn bá tẹ̀lé ẹrù kan láti ilé ẹni tí ó rọ ọ́, yóò rí i bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ́ra wọn lẹ́sẹẹsẹ. Kí sátẹ́láìtì tó kúrò nílé, wọn a gbé e sórí ẹ̀rọ tí yóò gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò fara da gbígbọ̀n rọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọn a sé e mọ́ inú àgbá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọn a mú un gbóná, wọn a mú un tutù. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò dì í sínú àpótí lọ sí ibùdó ọlọ́kọ̀. Ní ibùdó, yàrá tí a ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u, nítorí pé eruku bíńtín lè ba dígí kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́. ‘Yàrá mímọ́’ ni olùtumọ̀ yóò fẹ́ pe irú ibẹ̀, òǹkàwé yóò sì rò pé wọ́n gbá a, wọ́n nù ún ni. ‘Yàrá afẹ́fẹ́-sísẹ́’ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: afẹ́fẹ́ ń gba inú asẹ́ kọjá, bí ògì ti ń gba inú aṣọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò bóyá ó fara pa lọ́nà, tí wọ́n ń fi iná sí bátìrì rẹ̀, tí wọ́n sì tún ń wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe nítorí owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìwúwo rẹ̀ fì sí. Ọ̀rọ̀ alábàárù náà nìyẹn: ẹrù tí ó fì ń dani láàmú ju ẹrù tí ó wúwo lọ. Ní ti àwọn sátẹ́láìtì kéékèèké, inú àpótí onísípíríǹgì ni wọ́n ń kó wọn sí. Bí ilẹ̀kùn àpótí bá ṣí lókè, sípíríǹgì a tì wọ́n jáde.

Òkè ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún pípínyà, ó sì ń lò ó fún ohun mẹ́ta tí kò jọra. PSLV ní ìpele mẹ́rin. Epo líle ni ìkíní àti ìkẹta ń jó, epo olómi ni ìkejì àti ìkẹrin. Bí epo ìpele ìsàlẹ̀ bá ti tán, ìpele náà a kúrò lára ọkọ̀, a sì ṣubú sínú òkun. Lẹ́yìn náà ni àṣíborí, ìyẹn ìbòrí ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ó bo ẹrù kí eré àti ooru afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́, a là sí méjì, a sì kúrò. Ní ìkẹyìn, ẹrù fúnra rẹ̀ a kúrò lọ́wọ́ ọkọ̀. Bí olùtumọ̀ bá ń tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì, ‘ìpínyà’ ni yóò kọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n tọkọtaya ní í pínyà, ọ̀rẹ́ ní í pínyà: ẹni méjì tí oníkálukú ní ọ̀nà tirẹ̀ láti tọ̀. Ìpele ń já, bí èso ti ń já kúrò lára igi. Àṣíborí ń ṣí, bí a ti ń ṣí fìlà. Ẹrù ni a ń tú sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé àṣejù ni ìyàtọ̀ yìí, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2017 kan náà. PSLV mìíràn gbéra ní Sriharikota, ó rù IRNSS-1H, sátẹ́láìtì tí Íńdíà fẹ́ fi kún àwọn tí ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ àti arìnrìn-àjò. Àwọn ìpele já bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n àṣíborí kò ṣí. Ọkọ̀ ń gbé ìwúwo tí ó yẹ kí ó ti bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀ lọ. Nígbà tí àkókò tó, ìdè tí ó so ẹrù mọ́ ọkọ̀ tú, àmọ́ inú àṣíborí ni sátẹ́láìtì náà há sí, kò sì ríbi lọ. Bí ẹni tí ó ní ‘ìpínyà’ nìkan lẹ́nu bá fẹ́ ròyìn èyí, yóò ní: ìpínyà wáyé, ìpínyà kò wáyé, ìpínyà tún wáyé, ṣùgbọ́n nítorí pé ìpínyà kò wáyé, ìpínyà náà kò wúlò. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni yóò lóye ìyẹn? ‘Àṣíborí kò ṣí, inú rẹ̀ ni wọ́n tú ẹrù sí.’ Ọmọ kíláàsì kẹta kò ní í béèrè àlàyé lórí gbólóhùn yìí.

Àṣíborí kan náà ni ó fi àléébù ‘òfurufú’ hàn. Òfurufú ni ibi tí afẹ́fẹ́ wà, tí àwòdì ti ń fò, tí ọkọ̀ òfurufú ti ń ná an. Ìdí tí àṣíborí fi ń ṣí nígbà tí ọkọ̀ bá ti ga ju 100 kìlómítà lọ ni pé òfurufú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sí afẹ́fẹ́ tí ó lè pa ẹrù lára mọ́. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé inú òfurufú ni sátẹ́láìtì ń gbé ti fi ẹnu ara rẹ̀ ba àlàyé náà jẹ́, nítorí pé ọmọ tí ó gbọ́n yóò béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣí fìlà orí rẹ̀ nígbà tí kò tíì kúrò nínú oòrùn. ‘Ẹ̀yìn-òfurufú’ sàn jù. Ní ti ‘ọ̀run’, kò sí olùkọ́ tí yóò sọ fún kíláàsì rẹ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti gbé nǹkan lọ sọ́run tí ẹ̀rín kò ní í sọ.

Ìpalára ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò tọ́ kò mọ sí kíláàsì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ni NigeriaSat-1 gòkè. Gbólóhùn tí ó bá ní Nàìjíríà ‘ta’ sátẹ́láìtì lọ́jọ́ náà kò sọ òtítọ́. Nàìjíríà ni ẹlẹ́rù. Ilé-iṣẹ́ Surrey Satellite Technology ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rọ ọ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti Nàìjíríà sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ni ó gbé e, láti Plesetsk. Ní 2011, nígbà tí NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X jọ wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà láti Yasny ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò tọ́ máa ń bò mọ́lẹ̀: àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó fi ọwọ́ ara wọn rọ NigeriaSat-X ní Surrey. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé Nàìjíríà ‘ta’ á ti fún orílẹ̀-èdè ní ògo tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ti gba ògo tí ó tọ́ sí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn. Inú ‘rọ’ ni ògo tiwọn wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣáínà gbé NigComSat-1 láti Xichang, ó sì tú u sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, iná tán nínú sátẹ́láìtì náà, wọ́n sì pa á tì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011 ni èyí tí ó rọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, gòkè. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo bá wà fún gbogbo rẹ̀, a óò ní iṣẹ́ náà ‘kùnà’, aráàlú yóò sì rò pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó já wọn kulẹ̀. Ọlọ́kọ̀ gbé ẹrù dé ibi tí wọ́n bá a ṣe àdéhùn. Ẹrù ni ó bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀. Nínú òwò, ibi tí ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ parí sí tí ti ẹni tí ó rọ ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ ni àdéhùn ń dá lé.

Àpẹẹrẹ kan tún wà nítòsí ju ìwọ̀nyí lọ. NigeriaEduSat-1 jẹ́ sátẹ́láìtì kékeré ti Ifásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí kò ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n rọ ní Jàpáànù pẹ̀lú Ifásitì Kyushu Institute of Technology. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ SpaceX gbé e ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017 lọ sí ilé ńlá tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ kọ́ sí ẹ̀yìn-òfurufú. Ó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 7 oṣù keje kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ọjọ́ wo ni kí olùkọ́ ní Àkúrẹ́ kọ sójú pátákó? Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe àlàyé gígùn. Yorùbá ti dáhùn ná: wọ́n gbé e ní oṣù kẹfà, wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù keje.

Ní ti irú àdéhùn tí ó wà, ọ̀rọ̀ gáréèjì tó láti pín wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2007, AGILE, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Ítálì tí ó wọn 352 kìlógíráàmù, ni PSLV gbéra nítorí rẹ̀. Ítálì háyà ọkọ̀ ni. Bákan náà ni OneWeb ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òun àti àwọn ọlọ́kọ̀ Rọ́ṣíà kò lè jọ ṣe mọ́ ní 2022 nítorí ogun Ukraine, háyà LVM3, rọ́kẹ́ẹ̀tì Íńdíà tí ó tóbi ju PSLV lọ: ó gbé sátẹ́láìtì 36 ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó sì tún gbé 36 mìíràn ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ṣùgbọ́n àwọn 101 ti ọdún 2017 wọ ọkọ̀ èrò ni. Sátẹ́láìtì ńlá ti Íńdíà, Cartosat-2, tí ó wọn 714 kìlógíráàmù, ni ó pinnu ọ̀nà. Ibi tí ó ń lọ ni gbogbo wọn lọ, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 ni ó gbà wọ́n láti dé òkè, wọ́n sì fi ìṣẹ́jú 12 tí ó tẹ̀lé e tú gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Ẹni tí ó bá ti bá ọkọ̀ èrò rìn rí mọ̀ pé owó rẹ̀ dínkù, àmọ́ kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹni.

Àwọn oníròyìn lè ní àwọn kò ní àyè fún gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gígùn ni a ní kí wọ́n lò. ‘Gbé’ kò gùn ju ‘ta’ lọ, ‘tú sílẹ̀’ kò sì gùn ju ‘fi ránṣẹ́’. Láti 1970, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, ni a ti rí i pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà mú láti ilé wá ni ó ń fi ronú, kì í ṣe èyí tí ìgbìmọ̀ gbé fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí kò tíì rí ojútùú. Kí PSLV ọdún 2017 tó gbéra, wákàtí 28 ni wọ́n fi ka àkókò sẹ́yìn. ‘Ìkàsẹ́yìn’ bá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ìkẹyìn mu, nígbà tí ẹnu ń kà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú wákàtí 28 náà, wọ́n ń rọ epo olómi sínú ọkọ̀, wọ́n ń yẹ ìsopọ̀ iná wò, ọ̀gá iṣẹ́ sì lè pàṣẹ nígbàkigbà pé kí gbogbo rẹ̀ dúró. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe kíkà. ‘Ìmúra’ gbòòrò jù, nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sẹ́yìn. ‘Ìdúró’ kò sì sọ pé ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Àkókò tí ọkọ̀ ti gba ẹrù, tí a ti so ó, tí a ń rọ epo, tí ẹlẹ́rù kò sì lè sọ pé òun fẹ́ já ẹrù òun mọ́, ni a ń wá orúkọ fún. Ó ṣeé ṣe kí àwọn awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ ní gáréèjì ti ní in lẹ́nu. Kò sì tíì sí ìgbìmọ̀ èdè-ìperí tí ó lọ bi wọ́n.